Ìbò Tí Mo Dì fún Mọ́nsúrù

Osdorfer Born, Hamburg,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018.

Fọlájìmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí ní Märkisches Viertel yẹn? Ṣé òtútù kò tíì máa bá ọ wọ inú ilé? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní Berlin kò ní tòògbé. Àwa níbí wà ní àlàáfíà, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò, àti ti ẹ̀rọ tó ń gbé wa ròkè nínú ilé yìí, tó dákẹ́ ní Túsìdé tí mo fi ẹsẹ̀ gun àjà mẹ́jọ. Dúnní ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, Síkírù ọkọ rẹ̀ náà kí ọ, ó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, n kò lè tún gbé ẹjọ́ náà padà fún un.

O mọ ṣọ́ọ̀bù Morẹ́nikẹ́, níbi tí àwa Yorùbá Hamburg ti máa ń ra iṣu ní Sátidé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀ ju bésíbọ́ọ̀lù tí ẹ ń fi kóńdó gbá yìí lọ. Àwọn tó ń darí ìdíje yín fẹ́ yan agbábọ́ọ̀lù tuntun tó ta yọ jù lọ́dún yìí, ẹni tí wọ́n bá sì yàn máa lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Spain fún oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́ta ló kù: ìwọ ní Berlin, Mọ́nsúrù ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì tó ń kó ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, àti ọmọ òyìnbó kan láti Bremen. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù ló lè dìbò.

Ọmọlará aránṣọ wà lẹ́yìn rẹ. Ó ní ìgbà mẹ́sàn-án ni o gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò lórí pápá pátápátá, pé bọ́ọ̀lù tí a kò rí mọ́ ti parí àríyànjiyàn. Ọ̀ṣẹ́nì ní òfò nìyẹn, ta ni yóò ra òmíràn, pé tí ọmọ tòun bá ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó gbé kóńdó dání á kàn máa gé atẹ́gùn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Morẹ́nikẹ́ ní kí Ọ̀ṣẹ́nì jọ̀ọ́, kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpò gàrí òun ná. Adéníjì onígbàjámọ̀ bá gbè sẹ́yìn Ọ̀ṣẹ́nì, ó ní òun fi ojú ara òun rí Mọ́nsúrù. Ọmọlará bi í pé ṣé ojú tó fi gẹ irun Síkírù wọ́ náà ni.

Ní tèmi, ẹ̀rù ni gbogbo rẹ̀ ń bà mí. Dúnní ka àkọsílẹ̀ rẹ fún mi lórí fóònù, mo sì gbọ́ pé o jí ibi ìdúró ní ìgbà mẹ́rìnlá. Mo ní olè kẹ̀? Ó ní rárá, pé o sáré lọ síbi tó kàn nígbà tí wọn kò wò ọ́ ni. Fọlájìmí, bí olè ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo ní kí ó bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á rẹ́ kí o tó gbé ìwé ìgbélùú rẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn àjèjì, Ausländerbehörde, ní Moabit lóṣù tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò tíì rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, Adéníjì ṣírò pé tí àwa bá pín ìbò wa sí méjì, ọmọ Bremen ló máa kó o lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí gbogbo wa dìbò fún. Ni wọ́n bá yíjú sí mi, pé èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tí mo bá dárúkọ rẹ, wọ́n á ní mo gbè sẹ́yìn ọmọ mi. Mo wá ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wa tí ẹni méjì bá du ohun kan: mo béèrè ọjọ́ orí. Ọdún méjì ni Mọ́nsúrù fi jù ọ́ lọ. Mo dá a pé kí ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́dún yìí, kí àbúrò gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ariwo ta. Ọ̀ṣẹ́nì dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja tó fi jẹ́ pé fìlà rẹ̀ wọ inú pánla.

Wọ́n gbé fóònù fún mi kí n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ó tó gbà, ó kó àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní kí n mú èyí tó ní iná tó ń darí ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ojú àwa àgbà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, n kò bínú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó yege. Mo tẹ Mọ́nsúrù. Dúnní tẹ̀ ẹ́. Àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n la tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Síkírù ti ibi iṣẹ́ dé tí mo ròyìn fún un, ó jókòó láì bọ́ bàtà. Ó ní Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ènìyàn ń jẹ́ tuntun. Lọ́dún tó ń bọ̀ Fọlájìmí ti di ògbólógbòó, wọn kò ní dárúkọ rẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Mo ní ṣé a kò lè bẹ̀ wọ́n? Ó ní ṣé wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo padà sídìí fóònù láti gba ìbò mi padà, ó kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáá. Mo lọ bá Ọ̀ṣẹ́nì ní Mọ́ńdè. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i, àmọ́ mo rí àpótí ìrìn-àjò tuntun lẹ́yìn rẹ̀.

Èsì jáde lánàá. Mọ́nsúrù ní 212, ìwọ ní 190, ọmọ Bremen kò tó 100. Mo yọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kúrò nínú 212 lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìwé, 181 ló ń jẹ́. Ìwọ ni ì bá lọ sí Spain.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀ṣẹ́nì. N kò ní kí o sọ pé kò sí nǹkan kan.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró orúnkún mi, kí o sì fi owó ọkọ̀ Berlin kún un, kí n lè wá wò ọ́ nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Dúnní lè san án, àmọ́ ìwọ ni mo fẹ́ kí ó san án, kí n lè mọ̀ pé o fẹ́ kí n wá. Ọdún méjì tí mo ti dé ìlú yìí, n kò rí ọ lórí pápá rí. Ká ní mo ti rí ọ tí o fì kóńdó yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kì bá tí bi ẹnikẹ́ni léèrè ọdún.

Má gbàgbé láti wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́run tí kì í béèrè ọjọ́ orí kó tó gbé ènìyàn ga yóò gbé ọ ga. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láoyè.