Evelyn Lóyún Ni Àbí Ó Ń Wúkọ́?

Olúbùsọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara Evelyn aya rẹ le? Ọlọ́run tó mú yín dé ilẹ̀ Hausa kò ní fi yín sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà, iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ọ rárá, n kò sì ní fi pa mọ́.

Lẹ́tà rẹ dé. Èdè wo ni mo fi kọ́ ọ lọ́rọ̀, tí o fi ń kọ òyìnbó tó gùn bí rélùwéè sí mi? Mo kọ́kọ́ rò pé iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà gbowó ní posọ́fíìsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe bí èèyàn bá tẹ wáyà, lo fi ń ki ọ̀rọ̀ mẹ́ta bọ inú ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ nítorí ìyẹn ni, jọ̀ọ́, ra sítáǹpù sí i kí o sọ̀rọ̀ bí èèyàn.

Mo gbé e lọ bá Tíṣà Rájí. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúpẹ́, pé o ní Evelyn ń retí ọmọ. Ìyá rẹ ti ń jó káàkiri ilé, o ṣáà mọ bí a ti ń fẹkún bẹ Ọlọ́run látìgbà tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Àfi bí Bàbá James, tó ti ṣe akọ̀wé rí, ṣe gbé awò sójú, tó ní oògùn ikọ́ ni expectant tí o kọ yẹn ń jẹ́. Tíṣà ní rárá o, expectorant ni oògùn ikọ́, ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún, wọ́n kàn jọra ni. Bàbá James ní bóyá ìwọ tó kọ ọ́ gan-an ni kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n gbé dikíṣọ́nárì wá, méjèèjì wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bi ìwé náà pé èwo ni ti Evelyn, wọ́n ní ìwé kò mọ Evelyn. Ìwé tó tóbi tó yẹn, kí ló wá mọ̀?

Ikọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà nílé wa, ikọ́ ló mú àbúrò rẹ lọ. Ìyá rẹ kò sùn, èmi náà kò sùn.

Nítorí náà, ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ni ìyá rẹ. Gba ẹrù lórí rẹ̀ kí o tó kà á tán. Kò gbọ́ Hausa ju sannu tí wọ́n fi ń kíni lọ, ó ní òun á máa fi sannu bèèrè ọ̀nà títí òun á fi dé Enugu Road, àdúgbò yín níbẹ̀. Owó àlọ nìkan ni mo rí, ìwọ ni kí o wá owó àbọ̀, kí o sì fi nǹkan lé e fún mi, torí àwọn tó ń jiyàn lórí lẹ́tà rẹ ti jẹ obì mi tán.

Ó gbé ìgò agbo ikọ́ dání, ó sì gbé ọ̀já tí a fi pọ̀n ọ́ dání. Kó fi èyí tó wúlò sílẹ̀ fún Evelyn, kó gbé èkejì padà bọ̀. Má kọ èsì kankan. Èmi á wà ní stéṣọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ni màá máa wò.

Ọlọ́run á pa yín mọ́, ẹ kò ní ríbi. Kó jẹ́ ìgò agbo ni màá rí o.

Èmi ni bàbá rẹ.