Fáàfù Tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Láti Kétu lẹ́bàá Èkó níhìn-ín ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Bàbá. Mo kí ìyá àgbà tí wọ́n ń sọ pé ata Èkó kò ta. Mo kí bùọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo sì kí gbogbo agboolé. Àlàáfíà ni mo wà. Ẹ má bínú pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ẹ ti gbúròó mi kẹ́yìn. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ìgbéraga. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kó dá mi lójú kí n tó fi tó yín létí.

Mo bẹ àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí mo gbọ́ pé tíṣà tó ka èyí tó kọjá fún yín fo ibi tí mo ti ní ebi ń pa mí, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ sunkún. Èyí kò ṣeé fò, gbogbo ayé ni yóò kà á.

Òjò ibí yìí kì í ṣe òjò Ìwó. Ó lè rọ̀ láti àárọ̀ Jímọ́ọ̀ di ọ̀sán Sátidé, odò yóò kún wọ oko àwọn ará Ìkòsí, ọ̀pọ̀lọ́ yóò sì máa ké bí ẹni tó ń jà sí ogún. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí mo bá ti gbọ́ wọn, àárò ilé a máa sọ mí títí mo fi máa ń sunkún. Àwọn ọmọ ìlú sì ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo dá wọn lóhùn pé ẹni tó ní iṣu ló ń jẹ ẹ́ gbóná. Láti ìgbà náà ni a ti di ọ̀rẹ́.

Ilé ìdílé onílẹ̀ kan ni mo ń gbé. Bàbá onílé ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti di bàìbàì, wọn kò lè kàwé mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wọn tó ti ìlú òyìnbó dé bá wọn gbé háífáì bọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ giramafóònù tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Kò sí iná ìjọba níbí, ẹ́ńjìnnì kékeré kan lẹ́yìn ilé ló ń gbé e. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsàrì ni Bàbá máa ń gbọ́ ọ, fàájì kan ṣoṣo tó kù fún wọn sì nìyẹn.

Nínú háífáì yìí, àpótí kékeré kan wà tó ń gba ohùn tín-ín-rín lára abẹ́rẹ́, tó ń fún un lókun kó tó kọjá sí àpótí ńlá. Fáàfù méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Gíláàsì kékeré bí àtàǹpàkò ni fáàfù, iná máa ń pọ́n nínú rẹ̀, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ọ̀kan kú, ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ rédíò ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo yan èyí tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, mo rò pé agbára rẹ̀ nìyẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì bí epo àkàrà. Mo yan òmíràn. Èyí kò hó, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti fi ọ̀pá kan ilẹ̀, fáàfù a dáhùn gbọ̀ọ́n nínú ẹ̀rọ. Bàbá ní kì í ṣe ọ̀pá ni àwọn fẹ́ gbọ́.

Ọ̀gá mi bínú. Wọ́n ní bí iṣẹ́ náà bá tún padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, kí n di ẹrù mi kí n máa lọ sí Ìwó. Wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì gbé páálí kan fún mi, fáàfù méjìlá ló wà nínú rẹ̀, láti inú ẹrù tí àwọn sójà kó jáde tà. Wọ́n ní gbogbo wọn ló lè wọ ẹ̀rọ náà láìbà á jẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni òyìnbó dìídì ṣe kó lè pẹ́. Kí n ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára gíláàsì, kí n yan méjì nínú mẹ́ta náà.

Ìyá mi, ẹ mọ ẹni tí ẹ tọ́. Eruku àti ọ̀rá bo gbogbo ohun tó wà nínú páálí náà. Láti kékeré lẹ sì ti kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ tan fìtílà láì fi eérú àti àkísà fọ gíláàsì rẹ̀. Mo bu eérú, mo fi omi díẹ̀ pò ó, mo jókòó, mo fọ fáàfù méjèèjìlá títí wọ́n fi ń dán gbinrin. Inú mi dùn. Mo wá gbé ọ̀kan sókè kí n kà á. Kò sí lẹ́tà. Mo gbé èkejì, mo gbé ẹ̀kẹta. Eérú ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ sá. Mo tún rò ó pé kí n mú méjì ṣáá, kí n búra pé àwọn ni. Níkẹyìn, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá onílé, mo jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọdún kẹrin nìyí tí àwọn kò ti lè ka lẹ́tà kankan, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wọlé tí àwọn kò fi ìrìn rẹ̀ dá a mọ̀. Wọ́n ní kí n gbé páálí wá.

Ọjọ́ márùn-ún la fi ṣe é. Fáàdákà kan máa ń wà lórí fáàfù nínú gíláàsì. Èyí tí tirẹ̀ ti funfun bíi wàrà, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà, mo yọ òun náà. Mo ń ki àwọn tó kù bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù kàn wọ́n pẹ́pẹ́, Bàbá ń tẹ́tí. Bí ọ̀kan bá dún bí agogo, wọ́n á mi orí, a ó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí ó bá dákẹ́, a ó jẹ́ kó gbóná fún wákàtí méjì, a ó tún kàn án, nítorí òmíràn ń pa ẹnu mọ́ ní tútù, ara rẹ̀ á gbóná tán kí ìwà rẹ̀ tó jáde. Bàbá ní bí àna àwọn kan ṣe rí nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ojú tèmi, etí tiwọn, a yan méjì.

Ọjọ́ tí ọ̀gá mi dé, èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Wọ́n pariwo débi pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ ní Alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá bá mi lọ sílé, wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ yíká yàrá. Ẹ̀rọ kò dá wọn lóhùn. Síbẹ̀ wọ́n ní a kì í mọ fáàfù tó máa pẹ́ lọ́jọ́ tí a fi í síbẹ̀, kí ọyẹ́ kọ́kọ́ wá, kó lọ. Ohun tó fa àìkọ̀wé mi nìyẹn o. Ní gbogbo Àsàrì, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, àyà mi a máa já.

Ọyẹ́ wá, ó lọ. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, ohùn háífáì Bàbá kò sì yẹ̀. Jímọ́ọ̀ tó kọjá, níwájú Bàbá, ọ̀gá mi ní láti òní lọ, fáàfù kankan kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù àwọn láìjẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ. Ìyá mi, mo dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bàbá onílé ì bá ti fẹjọ́ mi sun ọ̀gá mi, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà, tó fi mọ́ eérú yín.

Owó kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mò ń jẹun yó. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìta, kí ẹ kí tíṣà pé mo ti dárí jì í. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì ṣòro fún mi láti kọ. Lọ́dọọdún ni bùọ̀dá mi ń fi ìdá tèmi sílẹ̀ nínú oko láìgbin nǹkan kan sí i, kí n lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ bí mo bá padà dé. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ẹ ní kí wọ́n gbin iṣu sí i lọ́dún yìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Múfútáù