Tíúbù Kẹ̀kẹ́ Yín Ni Mo Gé

Bàbá Ráfátù,

Ẹ ò tíì jí nígbà tí Dickson tẹ́ ẹ jọ ń wọ omi ní wọ́ọ̀fù yà síbí. Ó ní aago tí ẹ fi ń mọ bí omi ṣe jìn bọ́ lọ́wọ́ yín lánàá, ẹ sì ń lọ sísàlẹ̀ láìmọ̀. Ẹ ò sọ fún mi!

Okùn aṣọ tí mo rán sí i ló fà á. Aṣọ rọ́bà yín máa ń súnkì nísàlẹ̀ omi, okùn á wá dẹ̀. Tíúbù á fún mọ́ ọwọ́ ní tiẹ̀. Okùn méjì tí mo gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ yín ló wà lórí tábìlì. Ẹ so méjèèjì.

Ó ti rẹ̀ mí jù láti jà. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn lọ sí Apapa lónìí. Ẹ ṣáà ti fẹsẹ̀ ara yín rìn padà wálé.

Ìyá Ráfátù