Òkúta Pupa Inú Yàrá

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹjọ, 1962

Òmìnira Dàhòmì, orílẹ̀-èdè wa, pé ọdún méjì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé lékọ́ọ̀lù yan kọjá, wọ́n ń kọrin Dàhòmì. Ní Kétu níbí o. Orúkọ ẹni tó kó àwọn baba wa lẹ́rú la wá fi ń jó. Mo pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Ara mi kò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ olú-ìlú ni ọwọ́ ti ń yún mi, tí ẹnu ń yún mi. Mínísítà — Clémence ìyàwó mi, tí àṣẹ rẹ̀ ju ti ìjọba lọ — ní kí n yéé kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́ ìtàn nídìí ààrò, pé àwọn ewúrẹ́ ilé pàápàá ti fẹ́ gboyè.

Ọjọ́bọ̀, 2

Mo kọ ojú ìwé kan. Mo ya á. Òjò.

Ọjọ́ Ẹtì, 3

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìtàn Kétu, fún àwọn ọmọ wa. Mo kọ́ àwọn ọmọ Dakar àti ti Àjàṣẹ́ ní ibi tí wọ́n sin ọba Faransé kọ̀ọ̀kan sí. Ó tó kí ẹnìkan sọ ti baba tiwọn fún wọn.

Bàbá mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó o lọ sí Agbómẹ̀, ìlú ọba wọn. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Agbómẹ̀, ó padà wá. Kò sí àgbà ilé kankan tó bá a padà. Ògiri ti wó, koríko ti bo ìlú. Ó ń wá ilé kiri títí ó fi rí òkúta pupa orí sàréè bàbá rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó sunkún, ó kọ́lé yí i ká. Ilé tí mo ti ń kọ̀wé yìí nìyẹn. Lọ́dọọdún, kí a tó jẹ iṣu tuntun, Ògúndìran àbúrò mi a máa da omi àti epo sínú àwọn ihò ara òkúta náà. Èmi onígbàgbọ́, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Mo máa ń ṣe àmín sínú.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Àlejò dé lẹ́yìn Mísà. Arúgbó ọkùnrin kan, Séverin lorúkọ rẹ̀, láti ẹ̀bá Agbómẹ̀. Kámíọ̀ akẹ́rù àgbàdo ló gbé e láti Pọ́bẹ̀. Èdè Fọ̀n ti wọ inú Nàgó, Yorùbá tiwa, lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Kétu ni baba rẹ̀, ara àwọn tí wọ́n kó lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ baba náà kan ti kú, kò lè rin ọ̀nà padà. Ó ní òun wá kí bàbá bàbá òun. Mo ní níbo? Ó nawọ́ sí yàrá inú ilé wa.

Ó ní àwọn tí òun bi léèrè nílùú sọ pé òkúta kan wà níbẹ̀. Ọ̀ta ayò ni baba ńlá òun, ó gbẹ́ ojú ayò sára òkúta, mẹ́fà níbí, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Nígbà tó kú, òkúta náà ni wọ́n gbé lé e lórí.

Ihò mẹ́rin péré ló hàn lára tiwa. Ilẹ̀ ló bo ìyókù òkúta náà. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn kíláàsì ni mo fi sọ ọ́, ojú sì ń tì mí títí di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ Ajé, 6

Séverin wọ̀ sí ilé Fadá. Ògúndìran ti ti yàrá pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ó ní bí ọkùnrin yẹn bá fojú kan òkúta lónìí, lọ́la á ní òun ló nilé. Mo ní kí a ṣáà fọ̀ ọ́ wò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìtàn tí ẹ fi ń jẹun náà ni ẹ fẹ́ fi lé wa kúrò nílé?”

Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo bínú sí gbogbo èèyàn. Mo bínú sí ọbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Mínísítà pàṣẹ: bí mo bá tún rìn yípo ilé lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ń lọ sọ́dọ̀ Huguette ọmọ wa ní Kútọnu. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀dọ̀ Ògúndìran lọ. Ohun tó sọ fún un, Ògúndìran fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi: “Ọkọ mi, bó bá jẹ́ tiwa ni, ẹ kàn fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Bí kì í bá ṣe tiwa, ta lẹ ń tì í mọ́?” Ògúndìran tú kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

A fọ̀ ọ́. Ògúndìran ló ń ha ilẹ̀ kúrò, èmi ń bu omi. Séverin dúró tì wá. Ihò karùn-ún. Ìkẹfà. A kọjá sí apá kejì — mẹ́fà náà.

Kò sẹ́ni tó ń ta ayò nílé wa. Bàbá mi ṣi ilé mọ̀. Ọmọ tó dá nìkan padà wálé, ó rí òkúta, ó wù ú kó jẹ́ ti baba rẹ̀. Láti ìgbà náà la ti ń bọ baba olóbaba.

Séverin dọ̀bálẹ̀ níwájú òkúta. Nígbà tó dìde, ó yíjú sí Ògúndìran, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún un, òun tó bí irú rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kọ́ lòun wá gbà. Ó ní, “Ìbẹ̀rù tí bàbá mi bá kú ni pé òùngbẹ ń gbẹ baba òun ní Kétu. Ẹ̀yin lẹ ń fún un lómi. Ẹ ṣé o, ẹ kú ìtọ́jú.”

Ògúndìran bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, n kò wá ibi sá sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Séverin ti lọ. Ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ dání. A di iṣu fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ògúndìran wá jókòó tì mí lẹ́yìn Mísà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, baba ńlá tiwa ńkọ́? Ta ló ń fún un lómi?”

Èmi tí gbogbo Kétu ń pè ní Purofẹsọ̀. Mi ò mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣi ilé mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣì í jìnnà. A lọ sọ́dọ̀ Ràmọ́nù, tí ògiri tirẹ̀ àti tiwa jọ pààlà. Ó ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá inú ilé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo bi í bóyá òkúta kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òkúta pọ̀ níbẹ̀, àwọn bírìkìlà ti fọ́ gbogbo rẹ̀ sí ìpìlẹ̀. Ó ní ṣé kò sí nǹkan o? Bóyá níbẹ̀ ni, bóyá kọ́.

Ó fún wa lómi mu. Ògúndìran mu díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra da ìyókù sórí sìmẹ́ńtì yàrá náà. Ràmọ́nù ń wò ó. Omi náà kò wọlẹ̀.