Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Ò Ní Mọ Ẹni Tó Sọ Ọ́

Sátidé, Ìgàndò, 2016.

Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi tó wà ní yunifásítì, wá kí wa. Ó ní àwọn onímọ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tín so kọ̀ǹpútà pọ̀, kúáńtọ̀mù ló pè é. Èèyàn á sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á gbọ́, wọn ò ní mọ ẹni tó sọ ọ́.

Èmi onítìjú ni wọ́n ṣe é fún jàre!

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín: "Ta ni wọ́n á wá dá lóhùn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé abọ́ sílẹ̀. "Èmi fẹ́ padà sílé ìwé."

Akọ̀wé pariwo: "Háà, ìyàwó wa, ẹ̀yin náà nìyẹn?"

Ọkọ mi ní ká jọ lọ béèrè ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, òun á máa se oúnjẹ alẹ́. Ẹni tí kò mọ ẹ̀bà tẹ̀!