Àkókó Tí Mo Ní Mo Rí

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ yín ti di ìràwọ̀. Láti Ìgàndò dé Ìkòtún, kò sí ẹni tó mọ ẹyẹ jù mí lọ. Mo lè dijú, kí ẹyẹ fò kọjá lórí òrùlé, kí n sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ àti igi tí wọ́n bí i sí. Lọ́dún tó kọjá, èmi nìkan, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo rí àkókó mẹ́rìnlá lórí igi máńgòrò kan ṣoṣo létí àbàtà. Gbogbo wọn ń sọ igi lẹ́ẹ̀kan náà, igi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, àwọn ọlọ́kadà sáré páàkì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, mo máa padà sí i.

Sùtánà funfun yín ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí àbàtà tààrà láìwọ bàtà, awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn olójú méjì tí ẹ rà lọ́jà òkiríkà lọ́rùn yín, tí àwa ọmọ á máa tẹ̀ lé yín bí ọmọ adìyẹ. Lékèélékèé kì í sá fún yín. Mo sọ fún àwọn ọmọ ilé wa pé àwọn ẹyẹ náà rò pé ẹ̀yin ni bíṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín.

Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú ọdún, ẹ máa ń kọ orúkọ ẹyẹ márùn-ún sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, ẹ á kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Ẹyẹ tí a gbọ́dọ̀ rí kí ọdún tó parí nìyẹn. Òfin yín ò ju ẹyọ kan lọ: ojú ẹnì kan ò tó. Ẹni tó bá rí ẹyẹ gbọ́dọ̀ pe ẹlòmíràn wá wò ó. Bí ẹnì kejì ò bá rí i, kò sí máàkì. Mo sunkún gidi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, torí àṣá kan tí èmi nìkan rí. Ẹ ra gúgúrú fún mi, ṣùgbọ́n ẹ ò máàkì í.

Lọ́dún tó kọjá, a ti máàkì lékèélékèé, ẹ̀gà, olongo àti àṣá kí òjò tó dáwọ́ dúró. Àkókó ló kù. Ẹsẹ̀ yín ti wú nígbà yẹn, ẹ ò lè rìn dé gétì. Ẹ bọ́ awò náà lọ́rùn yín, ẹ fi kọ́ mi lọ́rùn, pé kí n mú àwọn ọmọ lọ: Mosún àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìbejì yàrá kejì, tí wọn ò tíì pé méje.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo mú wọn dé abẹ́ igi máńgòrò. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má mira, pé àkókó kórìíra ariwo, pé mò ń lọ wo òdìkejì àbàtà. Mo wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ẹgbẹ́dá. Wọ́n ń ṣe ìdíje bọ́ọ̀lù orí géèmù ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, mo sì ti búra fún gbogbo àdúgbò pé èmi ni mo máa borí. Awò yín wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń gbá géèmù. Wọ́n nà mí ní márùn-ún sí òdo. Mi ò bù kún ìyẹn o.

Nígbà tí mo padà, oòrùn ti kúrò láàárín orí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jókòó síbi tí mo fi wọ́n sí. Ètè wọn ti gbẹ. Kẹ́hìndé ti tọ̀ sára, torí mo ní kó má mira. Ó rọra sọ̀rọ̀, kó má baà lé ẹyẹ lọ:

"Bọ̀dá, ṣé mo lè dìde báyìí?"

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú mi. Mo ní mo ti rí i lódìkejì. Lójú ọ̀nà ni mo fa Mosún sẹ́yìn, mo ní kó sọ pé òun náà rí i, inú yín á dùn.

"Ṣé ẹsẹ̀ Bàbá tó wú máa lọ sílẹ̀ tí inú wọn bá dùn?" ni Mosún bi mí.

Mo ní kíá báyìí ló máa lọ sílẹ̀.

Nígbà tí a délé, ẹ bi mí bí àkókó náà ṣe ń sọ igi. Mo fi ìka gbá igi bẹ́ẹ̀dì yín: kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láńlọ́ọ̀dù. Ẹ wo ojú mi, ẹ wo ojú Mosún. Ẹ ní ká gbé kàlẹ́ńdà wá. Ẹ máàkì í fúnra yín, máàkì náà wọ́ lọ bí ejò. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá gbàdúrà ni ẹ sọ fún pé àwọn ọmọ yín ti rí àkókó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ẹ fi lọ.

Ṣé ẹ mọ̀? Mo ti gbọ́ àkókó lórí fóònù lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kì í sọ igi bẹ́ẹ̀. Kíákíá ni, bí ẹ̀rọ, á sì dákẹ́ lójijì. Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi máàkì í, ẹ̀yin tí ẹ ò gba àṣá mi?

Ní Sátidé àkọ́kọ́ ọdún yìí, àwọn ìbejì gbé kàlẹ́ńdà wá. Mo gbé awò kọ́rùn bí ọ̀gá. Mosún ò dìde.

"Èmi ò bá a lọ. A purọ́ fún Bàbá, ẹsẹ̀ wọn ò dẹ̀ lọ sílẹ̀."

Mo gbọ́ bí ṣíbí Màámi ṣe dúró nínú ìkòkò ní kíṣìnì. Irọ́ mẹ́wàá ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rí ojú àwọn ọmọ náà, mo mọ̀ pé tí mo bá pa ọ̀kan sí i, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé mi dé àbàtà mọ́ láé, ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa á sì kú sọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, títí dé márùn-ún sí òdo.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Táíwò pariwo. "Mo mọ̀! Àbí àkókó náà wá gbá géèmù l'Ẹ́gbẹ́dá ni?"

Kẹ́hìndé ò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, torí yín ni mo ṣe tọ̀ sára."

"Mo mọ̀. Má bínú, jàre."

"Mò ń bínú."

Mosún bọ́ awò lọ́rùn mi. Mo rò pé ó máa fa ìlà pa máàkì yín, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ yín ló kọ ọ́, òun ò lè pa á. Ó kọ àkókó sókè pátápátá lórí kàlẹ́ńdà tí àwọn ìbejì gbé wá. Ó wá fi òfin tiẹ̀ kún tiyín: lọ́dún yìí, mi ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ rí ẹyẹ kankan. Ojú kejì ni mí. Tí wọ́n bá pè mí, kí n wò, kí n sọ ohun tí mo rí.

Abẹ́ máńgòrò yẹn náà ni mò ń jókòó sí báyìí, mi ò sì mira. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kẹ́hìndé nawọ́ sí nǹkan lórí ẹ̀ka, ó pè mí. Ojú ẹ̀ ń dán. Mo wò ó, wò ó. Ewé gbígbẹ ni. Mo ní, "Ewé ni, Kẹ́hìndé." Ó dùn mí ju márùn-ún sí òdo lọ.

Nípa ohun tí mo kọ lókè: àkókó ò pé mẹ́rìnlá. Kò sí ẹyọ kan. Igi máńgòrò wà lóòótọ́. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló wò ó di ọ̀sán, ojú mi méjèèjì ò sí níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
ojú kejì.