Okùn Ní Ó Tọ́, Ọkọ̀ Ní Kò Tọ́

Ọjọ́bọ̀, Òkè-Àfá

Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà gbọ́. Wàsíù àbúrò mi ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ kan, ó sì wà á lọ kọlu òpó iná ní Bọ́ládé. Férémù rẹ̀, irin tó gbé gbogbo ara ọkọ̀ náà dúró, wọ́. Lónìí, Ọ̀gá Mùfú, panẹbítà tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe, so ọkọ̀ náà mọ́ igi máńgò, ó fi ṣéènì fà á, ó wá fi okùn wọn férémù náà láti igun dé igun, lọ́tùn-ún lósì. Ìwọ̀n méjèèjì bára mu.

"Àǹtí mi, ó ti tọ́," ni Wàsíù wí.

Mo wà á dé ìta, ọkọ̀ náà ń fà sọ́wọ́ òsì fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá Mùfú rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ọwọ́ yín ló ń fà á. Bírò tí ẹ fi ń kọ̀wé lọwọ́ yín mọ̀, kò mọ sítíárìnì."

Mo tún fi okùn wọ̀n ọ́n fúnra mi. Ó bára mu lóòótọ́. Kí ló wá ń fà á? Àbí ọwọ́ mi ni...

Wàsíù fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé Màmá lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́la. Mo ní kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Màmá ní, "Ọmọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí mi ò bá wọ̀ ọ́, ta ni yóò wọ̀ ọ́?"

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi báyìí. Wàsíù ń wá a ní pálọ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí n ó sọ bó bá kan ilẹ̀kùn.